Ògiri Wo Ló Máa Lanu? Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tí A Ń Gbà Wá Yàrá Àṣírí Nínú Doom

Ẹ ti pa gbogbo ànjọ̀nú inú ìpele náà tán, ẹ ti tẹ bọ́tìnì àbájáde, ọkàn yín ti wà nínú ìpele tó kàn. Ojú ewé ìṣirò bá yọ. Ọ̀tá tí ẹ pa: 100%. Ẹrù tí ẹ kó: 92%. Àṣírí: 33%. Ìlà kẹta yẹn ló máa ń ba tèmi jẹ́. Ìpele tí mo rò pé mo ti tán pátá, ó ṣì ku yàrá méjì níbẹ̀ tí n kò fojú kàn rí, bóyá tí mo tilẹ̀ ti fara gbá ògiri wọn nígbà tí mo ń sá fún iná.

Doom ti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ń sọ, géèmù kọ̀ǹpútà tí a ti ń yìnbọn pa ànjọ̀nú, èyí tó jáde lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1993, pẹ̀lú Doom II tó tẹ̀ lé e ní 1994. Sọ́jà kan ló ṣẹ́ kù sórí Phobos, ọ̀kan nínú òṣùpá méjì tó ń yí Mars ká. Ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ ń dán ẹ̀rọ kan wò tó ń gbé nǹkan láti òṣùpá kan dé èkejì lójú ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sì lọ já sí ọ̀run àpáàdì. Ìtàn náà kò jù báyẹn lọ. Àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sínú rẹ̀ ló ń mú wa padà wá. Ẹ̀yin tó ń gbá Doom ti 2016 tàbí Doom Eternal ti 2020, wàhálà tiyín kéré: ohun tó ń tú máàpù sílẹ̀ wà nínú ìpele fúnra rẹ̀, ẹ ṣáà dé ibẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá wí.

Ọ̀nà méje ni mo mọ̀ tí àwọn èèyàn ń gbà wá yàrá wọ̀nyí, ohun mẹ́ta ni mo sì fi wọ̀n wọ́n. Èkínní ni àkókò, nítorí pé owó kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wákàtí ni a ń ná. Èkejì, ṣé ọ̀nà náà ṣeé gbọ́kàn lé: gbogbo àṣírí ló lè fi hàn yín ni, àbí irú kan ṣoṣo? Ẹ̀kẹta, kí ló máa ṣẹ́ kù fún yín láti gbádùn lẹ́yìn tó bá ti sọ tẹnu rẹ̀ tán?

Ilẹ̀ ni géèmù ń kà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú nǹkan kan, nítorí òun ló máa pinnu ọ̀nà tó bá yín mu. Doom kì í ka ògiri tí ẹ ṣí. Kì í ka ìṣúra tí ẹ kó lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń kà. Àwọn tó kọ́ ìpele náà á fi àmì kan, nọ́ńbà 9, sára apá ilẹ̀ kan. Ìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá balẹ̀ níbẹ̀ ni ìṣirò máa fi ẹyọ kan kún un, àmì náà á sì parẹ́ kó má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó balẹ̀ o. Bí ẹ bá ń já bọ́ gba òkè rẹ̀ kọjá, kò kà á. Àárín ara yín ló sì gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, kì í ṣe èjìká. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè dúró lẹ́nu yàrá kótópó kan, kó fi ẹ̀gbẹ́ ara gbá ọta ìbọn tó wà létí ẹnu ọ̀nà, kó mú un, kó yí padà. Ọta ti wọ àpò, ìṣirò kò gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tí géèmù ń pè ní ẹrù náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ìgò búlúù kékeré tó ń fi 1% kún ìlera wà nínú ohun tó ń kà. Àṣíborí kékeré tó ń fi 1% kún ìhámọ́ra wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù búlúù tó ní ojú bí ènìyàn, èyí tó ń fi 100 kún ìlera yín títí dé 200, òun náà wà níbẹ̀. Ìbọn kò sí níbẹ̀. Ọta kò sí níbẹ̀. Ẹ̀wù ìhámọ́ra aláwọ̀ búlúù, tó ń gbé yín dé 200% lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì ń gba ìdajì ìyà tó bá fẹ́ jẹ yín, òun náà kò sí níbẹ̀. Ẹ lè rí 100% lórí ẹrù kí ẹ sì ti fi ìbọn tó dára jù nínú ìpele náà sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ẹni tó ń lé ìṣirò àti ẹni tó ń lé ìṣúra kò ṣọdẹ nínú igbó kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé kan náà ni wọ́n wà.

Ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù wà nínú ìpele 15 ti Doom II. Wọ́n fi àmì àṣírí sórí ilẹ̀ ibì kan tó ń gbé èèyàn fò lọ sí ibòmíràn. Kí ìṣirò tó rí ẹsẹ̀ yín níbẹ̀, ẹ ti fò lọ. Ọdún 24 ni àṣírí yẹn fi wà láìsí ẹni tó gbà á láìlo kóòdù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ láti fi rẹ́ géèmù jẹ. Ní 2018 ni ẹnì kan tó ń gbá géèmù náà dọ́gbọ́n kí Pain Elemental, ẹ̀dá rìbìtì tó ń léfòó yẹn, tì í wọ ibẹ̀, nọ́ńbà sì gòkè. John Romero, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe géèmù náà, kí i kú oríire ní gbangba. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ìgò, kò sí nǹkan kan. Ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń lé fún ọdún 24.

Ojú

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí èèyàn wo ilé náà bí ẹni tó fẹ́ rà á. Àwòrán ara ògiri máa ń tò léra wọn. Bí ilà bíríkì kan bá yẹ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹnì kan fẹ́ kí ẹ rí i ni. Bí igun kan bá ṣókùnkùn láìnídìí, tàbí tí iná ibì kan ṣoṣo bá ń ṣẹ́jú, ẹ súnmọ́ ọn.

Àmì tó lágbára jù lójú tèmi ni ohun tí ẹ rí tí ọwọ́ kò tó. Nínú ìpele àkọ́kọ́ pàá, E1M1 (ìdìpọ̀ kìíní, ìpele kìíní), ẹ dúró nínú yàrá tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ìta láti ojú fèrèsé. Àgbàlá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú adágún májèlé, ẹ̀wù ìhámọ́ra búlúù sì wà níbẹ̀ tó ń dán. Ẹ kò lè gba ojú fèrèsé bọ́ síta. Ọ̀nà ibẹ̀ wà níwájú, nínú yàrá mìíràn, nígbà tí ẹ bá sì fi máa dé ọ̀hún ẹ ti gbàgbé ẹ̀wù náà. Mo gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè kí n tó tẹ bọ́tìnì àbájáde: kí ni mo rí lónìí tí n kò mú?

Ojú kì í gba àkókò, kò sì ba ìgbádùn jẹ́ rárá, òun gan-an ni ìgbádùn. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gbẹ́kẹ̀ lé inúure ẹni tó kọ́ ìpele. Àwọn kan kì í fi àmì kankan sílẹ̀. Tí ẹ bá sì ń gbá a lórí ẹ̀rọ tó ti kun àwòrán náà ní ọ̀tun kó lè mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, àmì tó wà lára ògiri lè ti lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí.

Títẹ ògiri

Gbogbo wa la ti ṣe é. Ẹ kọjú sí ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ kíbọọ̀dù, sọ́jà náà á kùn “hùn-ùn”, ẹ sún díẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó tún kùn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀, aláǹgbá wá ń kan gbogbo ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìṣirò. Ìbú sọ́jà náà jẹ́ 32 nínú òṣùwọ̀n géèmù, ọwọ́ rẹ̀ sì ń nà tó 64. Àwòrán ara ògiri ń lọ ní 64 tàbí 128 lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyẹn ni pé kò sídìí láti máa tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ìlọ́po méjì ìbú ara yín ni kó jẹ́ àlàfo. Ẹ má sì jìnnà sí ògiri.

Èmi kò fẹ́ràn ọ̀nà yìí, n kò sì ní fi pa mọ́. Alẹ́ kan wà tí mo fi gbogbo rẹ̀ tẹ ògiri E1M3, ìpele tí àbájáde ìkọ̀kọ̀ tó lọ sí E1M9 wà nínú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ títí tí àbúrò mi fi béèrè láti yàrá kejì pé ta ló ń rọbí. Yàrá kan ṣoṣo ni mo rí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọwọ́ nìkan kọ́ ló ń ṣí ilẹ̀kùn nínú Doom. Ògiri kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá yìnbọn fún un ló máa ṣí. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ilà kan lórí ilẹ̀ tí ẹ gbà kọjá ló ń ṣí i, ilà náà sì lè wà ní yàrá tó jìnnà réré sí i. Òmíràn tún wà tí bọ́tìnì rẹ̀ wà níbòmíràn. Ẹ lè tẹ irú ògiri bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀la. Nítorí náà, bí títẹ bá kùnà, kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí nǹkan níbẹ̀, èyí ló sì ń mú un burú: ó gba àkókò jù lọ nínú gbogbo wọn, síbẹ̀ kò lè sọ “rárá” fún yín.

Etí

Níbí ni mo ti rí àwọn àṣírí tí mo ṣì ń rántí. Bí ẹsẹ̀ yín bá gba orí ilà kan tí pèpéle kan sọ̀kalẹ̀ níbòmíràn, ẹ ó gbọ́ ọ bó bá wà nítòsí. Gbùù, kí ó tó dákẹ́. Ìró náà ń kéré bó bá ṣe jìnnà sí, ó sì ń ti apá òsì tàbí ọ̀tún wá. Ẹni tó bá lo héèdífóònù, tó sì dín orin kù, ó ti ní atọ́nà.

E1M1 kan náà ló tún fi kọ́ wa. Bí ẹ bá ti ń súnmọ́ ẹnu ọ̀nà àbájáde, pèpéle kan á sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn yín, nínú yàrá tí ẹ ti kọjá. Ìbọn shotgun wà ní òkè rẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré lọ kò ní mọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìró yẹn tó sì dúró, á bi ara rẹ̀ pé, ta ló ń ṣí nǹkan lẹ́yìn mi nígbà tí gbogbo wọn ti kú?

Àwọn ànjọ̀nú náà ń tú ara wọn fó. Ìró ìbọn yín máa ń gba ojú ihò àti fèrèsé kọjá láti yàrá dé yàrá, yóò sì jí àwọn tó wà nínú ihò tí ẹ kò tíì rí. Bí ẹ bá ti pa gbogbo ohun tó wà lójú tán, tí nǹkan kan ṣì ń kùn lẹ́yìn ògiri, ògiri yẹn ní inú. Wọ́n ní ògiri létí. Ti Doom lẹ́nu pẹ̀lú.

Àkókò tí etí ń gbà kò tó nǹkan, àfi kí ẹ kọ́ bí a ti ń dúró. Ó máa ń sọ pé nǹkan ti ṣí, kì í sọ ibi tó ti ṣí ní pàtó. Àwọn pèpéle kan á sì tún gòkè padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ tó dé ibẹ̀ ó ti di ògiri. Ẹni tí etí rẹ̀ kò bá gbọ́ dáadáa, tàbí tó ń gbá géèmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn, kó fo ọ̀nà yìí.

Máàpù

Bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan, máàpù ni màá mú. Ẹ tẹ Tab. Ilà pupa ni ògiri gidi. Ilà àwọ̀ búráùn ni ibi tí ilẹ̀ ti gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀. Ilà yẹ́lò ni ibi tí àjà ti yí padà, ilẹ̀kùn lásán sì máa ń wà nínú ìyẹn. Ilẹ̀kùn àṣírí ńkọ́? Wọ́n fún àwọn tó kọ́ ìpele láyè láti sọ fún máàpù pé kó kùn ún ní pupa bí ògiri. Máàpù ń purọ́ fún yín nípa ilà, àmọ́ kò lè purọ́ nípa àyè.

Ohun tí ẹ máa wò kì í ṣe ilà nígbà náà, àárín wọn ni. Ẹ tẹ G, àwọn ilà onígun mẹ́rin á bo ojú máàpù náà, igun kọ̀ọ̀kan jẹ́ 128. Wo yàrá méjì tó fara kanra, tí àlàfo onígun mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì wà láàárín wọn tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Àwọn tó kọ́ ìpele kì í sábà fi àyè ṣòfò lásán láàárín ilé. Ẹ dúró níbi tó súnmọ́ àlàfo náà jù, ẹ tẹ M: nọ́ńbà á hàn lójú máàpù níbi tí ẹ dúró sí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bá ń fu yín lára, kí ẹ tó padà lọ wò wọ́n. C ni ẹ fi ń pa gbogbo àmì rẹ́. Títẹ ògiri wá di ọ̀rọ̀ ibi mẹ́rin dípò ọgọ́rùn-ún méjì, wákàtí kan sì di ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nínú àwọn ìpele kan, ohun èlò kan wà tó dà bí àwòrán máàpù lójú ẹ̀rọ kékeré, Computer Area Map ni wọ́n ń pè é. Ẹ bá mú un, gbogbo ibi tí ẹ kò tíì dé á hàn ní àwọ̀ eérú. Ó dùn mọ́ mi pé nínú àṣírí ni wọ́n ti sábà ń gbé e pamọ́ sí, bí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí tó tì. Síbẹ̀, òun náà kì í fi gbogbo nǹkan hàn: àmì kan wà tí ẹni tó kọ́ ìpele lè fi sára ilà tí máàpù kò fi ní yà á rárá, ìyẹn kò sì ní hàn lójú Computer Area Map.

Àkókò díẹ̀, òtítọ́ púpọ̀, ìgbádùn sì pé. Àléébù kan ṣoṣo ni pé àlàfo lè jẹ́ àlàfo lásán, àṣírí tí kò sì sí nínú àlàfo, bíi ilẹ̀ kan nínú yàrá tó ṣí gbayawu, kò ní hàn lójú máàpù.

Kóòdù

Ẹ ṣí máàpù, kí ẹ tẹ IDDT. Gbogbo ìpele á tú síta. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ẹ̀dá àti gbogbo ohun èlò á hàn bí onígun mẹ́ta kéékèèké. Kóòdù yìí ló dára jù fún ẹni tó ń lé ìṣúra: ẹ ó rí onígun mẹ́ta kan tó dá jókòó nínú àpótí tí kò ní ẹnu, ẹ ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ilà tí Computer Area Map fi pamọ́, IDDT kò fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n kódà níbí, ilẹ̀kùn àṣírí ṣì pupa bí ògiri. Ó ti fi yàrá hàn yín. Bí ẹ ṣe máa wọlé kù sí yín lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kà á sí ìwà ọ̀lẹ bíi ti àwọn kóòdù yòókù. Bí IDDT bá pọ̀ jù lójú yín, IDBEHOLDA á fún yín ní Computer Area Map nìkan.

IDSPISPOPD nínú Doom, IDCLIP nínú Doom II, ìyẹn ni kí ara yín máa gba inú ògiri kọjá. Ìṣirò ń gbà á o, nítorí pé ilẹ̀ ló ń kà, kò bìkítà bí ẹ ṣe débẹ̀. 100% tí ẹ bá gbà báyẹn, ẹ má fi hàn ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ ìgbàlódé

Ní 1997 ni wọ́n tú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣe Doom síta, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti tún un ṣe láti ìgbà náà, lọ́fẹ̀ẹ́. GZDoom wà lára àwọn tí wọ́n mọ̀ jù. Bí ẹsẹ̀ yín bá balẹ̀ sórí àṣírí, á sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìró, ẹ kò ní dúró dìgbà ojú ewé ìṣirò. Nínú ètò máàpù rẹ̀, ẹ lè ní kó máa fi ibi àṣírí hàn. Chocolate Doom ń ṣe òdìkejì: ó pa gbogbo ìwà 1993 mọ́. Èmi rò pé ìsọfúnni lójú ẹsẹ̀ yẹn nìkan ti tó ìdí láti lo GZDoom, nítorí ó yanjú ọ̀ràn èjìká tí mo sọ lókè: bí ẹ kò bá gbọ́ ìró, ẹ padà sẹ́yìn kí ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀.

Ìtọ́sọ́nà ẹlòmíràn

Fídíò ń fi ibẹ̀ hàn, àkọsílẹ̀ ń sọ ọ́. Àkọsílẹ̀ ni mo fara mọ́, nítorí ẹ lè ka ti àṣírí kejì kí ẹ fi ti ẹ̀kẹta sílẹ̀. Fídíò á fi gbogbo rẹ̀ hàn yín kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń wá. Ohun kan ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́: ẹ̀dà géèmù wo ló ń gbá? Àwọn ìpele inú ẹ̀dà ti PlayStation, tó jáde ní 1995, kò bá ti kọ̀ǹpútà mu níbi gbogbo, wọ́n gé àwọn ibì kan kúrò. Mo ti tẹ̀ lé fídíò kan rí fún nǹkan bí wákàtí kan, mo ń tẹ ògiri tí ọkùnrin náà ń tẹ̀, tirẹ̀ ń ṣí, tèmi ń kùn “hùn-ùn”. Ìgbà tí mo wo ìsàlẹ̀ fídíò náà dáadáa ni mo rí i pé ẹ̀dà tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi. Kò purọ́, èmi ni n kò béèrè.

Kò sí ọ̀nà tó yá jù ú lọ, kò sí èyí tó dájú tó o bí ẹ̀dà bá bára mu. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín ni pé ìpele kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè rí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ń gbá Doom fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú àti etí ni kó lò, kó má wo ìṣirò rárá títí á fi parí ìdìpọ̀ àkọ́kọ́. Bó bá pàdánù ìdajì àwọn àṣírí, ó dáa. Àwọn tó rí ni á máa sọ fún èèyàn.

Ẹni tó ti parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì fẹ́ rí ohun tó fi sílẹ̀, kó gbá a lórí GZDoom, kó lo máàpù pẹ̀lú G àti M, kó má tẹ ògiri kankan tí kò bá fi nọ́ńbà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹni tó jẹ́ pé ìbọn àti ìhámọ́ra ló nílò, bóyá ó bẹ̀rẹ̀ ìpele kan pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ nìkan tí ọta rẹ̀ sì ń tán, kó tẹ IDDT lẹ́ẹ̀mejì kó wo ibi tí onígun mẹ́ta wà. Kí ó fi ọgbọ́n orí rẹ̀ wá ẹnu ọ̀nà.

Àwọn tó ń sáré fi ìṣẹ́jú àáyá díje nínú ìsọ̀rí UV-Max, tó gba kí wọ́n pa gbogbo ọ̀tá kí wọ́n sì gba gbogbo àṣírí, àkọsílẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà tán, kí wọ́n wá máa fi máàpù wá ọ̀nà tó kúrú. Wọn kò ní bìkítà fún ẹrù, ìsọ̀rí náà kò béèrè rẹ̀.

Ẹni tó ti há pátápátá ní àṣírí kan ṣoṣo, tó ti di alẹ́ kẹta, kó lọ ka àkọsílẹ̀ ìlà yẹn nìkan, kó sì ti ojú ewé náà pa. N kò ní bú u. Títẹ ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnì kan ṣoṣo ni mo lè fún: ẹni tí kò lè sùn, tí kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé tó máa gbọ́ ọ.